Ẹ̀sùn lórí hítà Camry mi tí ẹ tún ṣe lẹ́ẹ̀mejì

Adébáyọ̀,
Adó-Èkìtì,
Ìpínlẹ̀ Èkìtì.
19 Oṣù Ṣẹ́rẹ́, 2026.

Ọ̀gá Àgbà,
Ilé-iṣẹ́ Àtúnṣe Ọkọ̀,
Adó-Èkìtì.

Ọ̀gá Àgbà,

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ sì kú ọdún tuntun. Èmi ni tíṣà tó ni Camry 2005 aláwọ̀ eérú, èyí tí àwọn ọmọ iṣẹ́ yín ń pè ní “Big Daddy Mọ́mì”. Mi ò kọ lẹ́tà yìí láti bú ẹnikẹ́ni. Owó mi ni mo wá bèèrè, mo sì fẹ́ kí ẹ gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú ọgbà yín láti ẹnu mi, torí mo fura pé wọn ò sọ fún yín. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo pe fóònù yín, ẹ̀ẹ̀mẹta náà ni wọ́n ní ẹ rìnrìn àjò.

Kí n tó bẹ̀rẹ̀, ẹ jẹ́ kí n fèsì ọ̀rọ̀ kan. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó wà nídìí káúńtà yín bi mí pé, “Mọ́mì, ta ló ń lo hítà ní Nàìjíríà?” Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, torí mo mọ̀ pé ọmọ yẹn kò tíì gun òkè Ẹ̀fọ̀n rí ní ìdájí oṣù Ọ̀pẹ. Ẹ̀fọ̀n-Alààyè ni mo ti ń kọ́ni. Aago márùn-ún ààbọ̀ ni mò ń jáde nílé, mà á gba Ìyìn, Ìgèdè, Aramọkọ. Bí a bá ti kọjá Aramọkọ tí òkè bẹ̀rẹ̀, kùrukùru á bo ọ̀nà, gíláàsì iwájú á sì ṣú bíi pé wọ́n fi ẹ̀kọ tútù kùn ún. Wáípà ò ríyẹn ṣe, torí inú ló ti ṣú. Ní ọjọ́ kan báyìí, tówẹ́lì ni mo fi ń nu gíláàsì lọ́wọ́ òsì tí mo fi ń wakọ̀ lọ́wọ́ ọ̀tún. Ibi tí mo nù kò ju àwo ọbẹ̀ lọ. Inú àwo ọbẹ̀ yẹn ni mo ti rí ìdí ọkọ̀ agbégẹdú kan tó dúró sójú títì láìtan iná. Olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi kò sọ̀rọ̀ títí a fi dé ilé-ìwé.

Àwọn èèyàn yín ní kí n tan AC. Mo tàn án. Lóòótọ́, AC máa ń gbẹ ọ̀rinrin inú ọkọ̀, ṣùgbọ́n nínú òtútù bẹ́ẹ̀ gíláàsì náà á tutù débi pé ìrì á tún máa sẹ̀ sí i láti ìta, àwa tí a wà nínú ọkọ̀ á sì máa gbọ̀n. Ooru ni gíláàsì yẹn ń fẹ́.

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyí. Ní 14 Oṣù Ọ̀wàrà, 2025, ọkọ̀ náà gbóná lójú ọ̀nà Ìgèdè. Wọ́n wọ́ ọ dé ọ̀dọ̀ yín, ẹ rí i pé orí radiétọ̀ ti là, ẹ pààrọ̀ rẹ̀, mo san ₦95,000. Iṣẹ́ yẹn dára. Radiétọ̀ náà kò jo ẹ̀kán omi kan títí di òní, mi ò sì bèèrè kọ́bọ̀ nínú owó rẹ̀. Ohun tí kò sí lórí rìsíìtì ọjọ́ yẹn ló di ẹjọ́.

Láti ìgbà náà ni ọwọ́ géèjì ooru kò ti dé àárín mọ́. Tẹ́lẹ̀, kí n tó dé Ìyìn ló ti máa ń dúró sí àárín, kò sì ní mira títí mà á fi dé Ẹ̀fọ̀n. Lẹ́yìn tí mo kúrò lọ́dọ̀ yín, ó kàn ń rá gòkè díẹ̀díẹ̀, bí mo bá sì ti ń sọ̀kalẹ̀ láti orí òkè, á tún wálẹ̀ sẹ́bàá C, ìyẹn àmì òtútù. Inú mi tiẹ̀ dùn! Mo ní radiétọ̀ tuntun ń ṣe bẹbẹ. Epo tó ń gbé mi lọ gbé mi bọ̀ fún ọjọ́ mẹ́rin wá di epo ọjọ́ mẹ́ta, mo dá a lébi fún àwọn onílé epo.

Nígbà tí ọyẹ́ dé, mo tan hítà. Afẹ́fẹ́ jáde, ó tutù bí omi àmù. Ní 2 Oṣù Ọ̀pẹ mo gbé ọkọ̀ padà wá. Wọ́n so kọ̀ǹpútà mọ́ ọn, wọ́n tẹ ìwé jáde, wọ́n ní bulówà, ìyẹn fáànù tó ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú ọkọ̀, ló kú. Mo ṣàlàyé pé bulówà kò ní àrùn kankan, pé afẹ́fẹ́ rẹ̀ ń gbé ìwé ọmọ ilé-ìwé lórí ẹsẹ̀ mi, ooru ni kò sí nínú afẹ́fẹ́ náà. Wọ́n ní Mọ́mì ò lè mọ̀. Bulówà ₦42,000, owó iṣẹ́ ₦8,000. Bulówà tuntun náà ń fẹ́ òtútù ju ti àtijọ́ lọ.

Ìwé tí kọ̀ǹpútà yín tẹ̀ jáde lọ́jọ́ yẹn ṣì wà lọ́wọ́ mi, mo ti ya fọ́tò rẹ̀ mọ́ lẹ́tà yìí. Kóòdù kan ṣoṣo ló wà lórí rẹ̀: P0128. Ọmọ mi tó wà ní yunifásítì wá ìtumọ̀ rẹ̀ lórí fóònù kí n tó bọ́ bàtà tán: omi ẹ́ńjìnnì kò gbóná dé ibi tó yẹ kí tẹmósítáàtì, ìyẹn ìlẹ̀kùn kékeré tó ń sé omi mọ́ inú ẹ́ńjìnnì títí yóò fi gbóná, jẹ́ kó gbóná dé. Ẹ̀rọ yín ti sọ̀rọ̀. Ẹni tó gbé e lọ́wọ́ ni kò gbọ́.

Ní 16 Oṣù Ọ̀pẹ, wọ́n ní ó kù sí ìdí hítà fúnra rẹ̀, ìyẹn radiétọ̀ kékeré tó wà lẹ́yìn dáṣíbọọ̀dù, tí omi gbígbóná ẹ́ńjìnnì ń gba inú rẹ̀ kọjá, wọ́n ní ó ti dí, ó sì ti ń jò. Mo bèèrè pé ṣé ẹni tí hítà rẹ̀ bá ń jò kò ní rí i kí kápẹ́ẹ̀tì ẹ̀gbẹ́ èrò iwájú rin, kí òórùn dídùn kúláńtì, ìyẹn omi tó ń tu ẹ́ńjìnnì, gba inú ọkọ̀ kan, kí nǹkan bí ọ̀rá sì lẹ̀ mọ́ gíláàsì? Kò sí ọ̀kankan nínú ẹ̀ lára tèmi. Wọ́n ní kí n fi í sílẹ̀ fún àwọn. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni ọkọ̀ mi wà níbẹ̀ láìní dáṣíbọọ̀dù, bí ẹni tí wọ́n yọ eyín rẹ̀. Hítà tókúnbọ̀ ₦70,000, owó iṣẹ́ ₦35,000. Mo gbé e délé, ó tutù síbẹ̀. Dáṣíbọọ̀dù tí kì í pariwo rí wá ń ké gìrìgìrì bí mo bá wọ kòtò, síkúrù mẹ́rin ni mo sì bá lábẹ́ àga. A fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, à ń pa lápálápá.

Mo ti ní kí wọ́n fún mi ní hítà àtijọ́ náà. Ẹ̀yìnkùlé ni mo gbé e lọ, mo ki hóòsì omi ẹ̀rọ bọ ẹnu rẹ̀ kan. Omi gba ẹnu kejì jáde yàà, ó mọ́, ó rin sálúbàtà mi. Kò dí, kò jò. Ó wà nílé mi bí ẹ bá fẹ́ wá wò ó.

Ní 3 Oṣù Ṣẹ́rẹ́, mo gbé ọkọ̀ lọ sọ́dọ̀ bàbá mẹkáníìkì kan ní Ìyìn, ẹni tó ń tún Peugeot 504 bàbá mi ṣe nígbà ayé rẹ̀. Abẹ́ igi máńgòrò ni wọ́kíṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Bàbá náà kò ní kọ̀ǹpútà. Ó ní ká má tíì ta ẹ́ńjìnnì jí, ó ní òun fẹ́ bá a ní tútù. Nígbà tí a ta á jí tán, ó gbé ọwọ́ lé páìpù tó ti ìsàlẹ̀ radiétọ̀ wọ ẹ́ńjìnnì, kò gbé e kúrò. Ó ṣàlàyé fún mi pé bí tẹmósítáàtì bá wà níbẹ̀, ìlẹ̀kùn ni: yóò tì títí omi inú ẹ́ńjìnnì yóò fi gbóná, radiétọ̀ á sì tutù ní gbogbo àsìkò yẹn. Tèmi kò rí bẹ́ẹ̀. Páìpù náà bẹ̀rẹ̀ sí í lọ́ wọ́ọ́rọ́ kí ẹ́ńjìnnì tó gbóná rárá, òun àti ẹ́ńjìnnì jọ ń lọ́ wọ́ọ́rọ́ ni. Ó ní, “Kò sílẹ̀kùn ní ẹnu ọ̀nà yín, Ìyá.”

Ó wá fi ìka tọ páìpù hítà láti ara ẹ́ńjìnnì lọ sẹ́yìn. Ó ní bí páìpù méjèèjì bá gbóná tí afẹ́fẹ́ tutù, ìlẹ̀kùn afẹ́fẹ́ inú dáṣíbọọ̀dù ni ká yẹ̀ wò. Bí ọ̀kan bá gbóná tí èkejì tutù, hítà ló dí. Ìka rẹ̀ kò dé ìdí hítà. Ó dúró lójú ọ̀nà. Wọ́n ti gé páìpù méjèèjì, wọ́n tẹ ọ̀kan kọdọrọ bí ìwọ̀ ẹja, wọ́n sì fi kílíìpù méjì so wọ́n pọ̀. Omi kúrò lára ẹ́ńjìnnì, ó yí po, ó padà sára ẹ́ńjìnnì. Ẹnu hítà méjèèjì ṣófo. Ọ̀rá dúdú, irú èyí tí wọ́n ń di ẹ̀wà sí, ni wọ́n fún bọ ẹnu wọn. Bàbá fa ọ̀rá náà jáde, ó nà án sí mi. Ó ní, “Uṣẹ́ ọ̀lẹ.” Ọmọ Ìyìn ni, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀.

Ọ̀gá Àgbà, ibi tó dùn mí jù nìyí. Ẹni tó bá máa yọ hítà ọkọ̀ yìí gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ tú páìpù méjèèjì lẹ́nu rẹ̀, kó tó lè fà á jáde látinú dáṣíbọọ̀dù. Òṣìṣẹ́ yín dé ibẹ̀ ní 16 Oṣù Ọ̀pẹ, ó bá wọn ní títú. Kò bi ara rẹ̀ pé ta ló tú wọn. Ó fi hítà mìíràn sí i, ó fi ọ̀rá dí i lẹ́nu, ó sì gba ₦105,000 lọ́wọ́ mi lórí hítà tó mọ̀ pé omi gbígbóná kò ní dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ láé.

Bàbá tú ilé tẹmósítáàtì, kò sí nǹkan kan níbẹ̀ àfi rọ́bà. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì ló gbà pé ilẹ̀ wa gbóná, pé ọkọ̀ kò nílò rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí wọ́n bi onímọ́tò kó tó ju nǹkan onímọ́tò nù. Ọkọ̀ tí omi rẹ̀ kì í gbóná, kọ̀ǹpútà inú rẹ̀ á máa rò pé ẹ́ńjìnnì ṣẹ̀ṣẹ̀ jí ni, á sì máa da epo sí i. Epo ọjọ́ kẹrin mi nìyẹn. Àwọn onílé epo tí mo ti bú, mo tọrọ àforíjì.

Kí bàbá tó fi tẹmósítáàtì tuntun sí i, ó ní kí n wá wò ó. Ó fi wáyà so ó kọ́ sínú ìkòkò omi lórí sítóòfù. 82 ni wọ́n tẹ̀ sára rẹ̀, ìyẹn ìwọ̀n ooru tó yẹ kó ti máa là. Nǹkan kan kò ṣẹlẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, ṣùgbọ́n kí omi tó hó, ẹnu rẹ̀ rọra là bí ìgbín tó ń yọrí nínú ìkarahun. Ó gbé e síta, ó tún padé. Ìgbà yẹn ló tó gbà pé ó dára. Ó da páìpù hítà padà sáàyè wọn, ó ní ká wa imú ọkọ̀ gun orí ilẹ̀ tó ga, ó ṣí ọmọrí radiétọ̀ nígbà tí ohun gbogbo ti tutù, ó da kúláńtì sí i, ó tan hítà dé òpin, ó sì jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì máa ṣiṣẹ́ títí afẹ́fẹ́ inú omi náà fi dẹ́kun rírú sókè. Kò tó ogún ìṣẹ́jú. Mo gbé ọwọ́ síwájú ihò afẹ́fẹ́, mo sì yára gbé e kúrò, ó ti gbóná jù.

Tẹmósítáàtì ₦9,500, kúláńtì àti páìpù ₦14,000, owó iṣẹ́ bàbá ₦6,000.

Ohun tí mo ń bèèrè nìyí. Kí ẹ dá ₦50,000 bulówà padà, bulówà àtijọ́ mi tó wà lọ́dọ̀ yín kò sì gbọdọ̀ sọnù. Kí ẹ dá ₦105,000 hítà padà, ẹ lè wá gba tókúnbọ̀ yín, mo ní tèmi tí kò ní àrùn. Kí ẹ san ₦29,500 tí mo ná ní Ìyìn, torí ẹ̀yin lẹ yọ ohun tí mo lọ rà. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ ₦184,500. Ẹni tó mọṣẹ́ ni kí ẹ fi sí dáṣíbọọ̀dù náà kó má dún mọ́, mi ò sì ní fi ọkọ̀ sílẹ̀ sun ọgbà yín: mà á jókòó tì í.

Ọjọ́ mẹ́rìnlá ni mo fún yín. Bí mi ò bá gbọ́ nǹkan kan, mà á kó rìsíìtì, ìwé P0128, ọ̀rá dúdú náà àti fọ́tò páìpù lọ sọ́dọ̀ FCCPC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń gbèjà oníbàárà lábẹ́ òfin ọdún 2018. Mi ò fẹ́ kó dé ibẹ̀. Radiétọ̀ tí ẹ ṣe fi hàn pé àwọn tó mọṣẹ́ wà láàárín yín.

Nọ́ńbà fóònù mi wà lórí jọ́ọ̀bù káàdì. Lẹ́yìn aago méjì ọ̀sán ni kí ẹ pè, kíláàsì ni mo máa ń wà ṣáájú ìyẹn.

Èmi ni oníbàárà yín ní tòótọ́,

Tíṣà tó ni Camry aláwọ̀ eérú.