Sátẹ́láìtì ń wo oko wa, ṣùgbọ́n ìkùukùu oṣù kẹjọ ń bò ó lójú

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ sì kú làálàá. Mo ka àpilẹ̀kọ tí ọ̀kan nínú àwọn òǹkọ̀wé yín kọ pé kò ní pẹ́ mọ́ tí sátẹ́láìtì yóò gba iṣẹ́ lọ́wọ́ àwọn tó ń fẹsẹ̀ rìn wọ oko lọ wo irúgbìn tí ọ̀dá bà jẹ́. Ó ní láti òkè ni wọn yóò ti máa mọ oko ẹni tó gbẹ, tí owó adójútòfò yóò sì máa wọ àpò onítọ̀hún láìjanpata. Ọ̀rọ̀ náà dùn ún gbọ́. Olùkọ́ jọ́gíráfì ni mí kí n tó fẹ̀yìn tì, àgbàdo àti ẹ̀gẹ́ ni mo sì ń gbìn báyìí ní agbègbè Ìsẹ́yìn, nítorí náà ọ̀nà méjì lọ̀rọ̀ yìí gbà kàn mí. Ibi tó le jù nínú rẹ̀ gan-an ni òǹkọ̀wé yín fò kọjá.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé fọ́tò lásán ni sátẹ́láìtì ń yà. Ó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ewé tí ara rẹ̀ dá ṣáṣá máa ń gba ìmọ́lẹ̀ pupa inú oòrùn mu, òun ló fi ń wá oúnjẹ ara rẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ mìíràn wà tó tẹ̀lé pupa, tí ojú wa kò rí. Ìyẹn kò wúlò fún ewé, ńṣe ló ń dá púpọ̀ nínú rẹ̀ padà sókè. Ẹ̀rọ inú sátẹ́láìtì á wọn méjèèjì. Wọn á yọ pupa kúrò lára èkejì, wọn á wá fi àpapọ̀ àwọn méjèèjì pín ohun tó kù. Iye tó bá jáde ni wọ́n ń pè ní NDVI. Ilẹ̀ tí kò ní ewé lórí kì í sábà ju 0.1 tàbí 0.2 lọ, igbó tó kún dáadáa lè tó 0.8, odò àti adágún sì máa ń bọ́ sísàlẹ̀ òdo. Bí iye oko kan bá ń já wálẹ̀ lásìkò tó yẹ kó máa gòkè, a jẹ́ pé nǹkan ń ṣe é.

Ọ̀rọ̀ owó kọ́ ló ń dí wa lọ́wọ́. Ọdún 1972 ni Landsat àkọ́kọ́, sátẹ́láìtì àwọn ará Amẹ́ríkà tó ń ya àwòrán ilẹ̀, gòkè, ọdún yẹn náà ni wọ́n dá iléèwé tó ń kọ́ni ní iṣẹ́ yìí sílẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní RECTAS nígbà náà, tó ti di AFRIGIST báyìí. Nàìjíríà fúnra rẹ̀ ti gbé NigeriaSat-1 lọ sókè lọ́dún 2003, ó sì gbé NigeriaSat-2 tẹ̀lé e lọ́dún 2011. Ìgbà kan wà tí àwòrán Landsat kan ṣoṣo ń gba ẹgbẹ̀ta dọ́là, ṣùgbọ́n láti ọdún 2008, ọ̀fẹ́ ni. Ọ̀fẹ́ náà ni ti Sentinel-2, sátẹ́láìtì àwọn ará Yúróòpù, tó ń kọjá lórí oko wa ní ọjọ́ márùn-ún márùn-ún. Ẹnikẹ́ni tó bá ní íntánẹ́ẹ̀tì lè wò ó.

Oṣù kẹjọ ni wàhálà wà. Gbogbo ẹni tó ń gbé ilẹ̀ Yorùbá mọ̀ ọ́n: òjò á dáwọ́ dúró, síbẹ̀ oòrùn kò ní ráyè yọ. Ojú ọ̀run á ṣú láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́, atẹ́gùn tútù á máa fẹ́, ará ìlú á ní òjò ti dé, kò sì ní rọ̀. Inú àsìkò yẹn ni àgbàdo tí a gbìn pẹ́ díẹ̀ ń yọ irun, tó fẹ́ pọnmọ. Bí kò bá rómi mu ní ọjọ́ wọ̀nyẹn, ṣùkù tí hóró rẹ̀ fọ́nká la óò bá nídìí rẹ̀ nígbà ìkórè. Sátẹ́láìtì tó ń fi ìmọ́lẹ̀ oòrùn ríran kò sì lè wo inú ìkùukùu. Ó lè kọjá lórí Ìsẹ́yìn, Ṣakí àti Ìgbòho jálẹ̀ oṣù náà, kó má rí nǹkan mú bọ̀ ju funfun lọ. Kí ojú ọ̀run tó là, ohun tó fẹ́ ṣẹlẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ tán.

Bí ìkùukùu kò tilẹ̀ sí, aago wo ló ń kọjá? Nǹkan bí aago mẹ́wàá ààbọ̀ àárọ̀ ni ti Sentinel-2. Ẹ wọ oko àgbàdo lásìkò ọ̀dá, kí ẹ wo bí ewé ṣe ń tẹ́ rẹrẹ láàárọ̀ bí ẹni pé kò sí nǹkan kan. Tó bá di aago méjì ọ̀sán, á ká jọ, á wá rí ṣóńṣó. Ẹ fi ẹ̀yìn ọwọ́ kàn án, ẹ óò rí i pé ó ti gbóná. Ó ti pa àwọn ihò kéékèèké tó fi ń mí dé kí ìwọ̀nba omi tó kù lára rẹ̀ má baà lọ, bẹ́ẹ̀ omi tó ń jáde yẹn ló ń mú ara rẹ̀ tutù tẹ́lẹ̀. Àwọ̀ rẹ̀ kò tíì yí padà rárá lásìkò yìí. Ìdí nìyẹn tí NASA, àjọ òfuurufú Amẹ́ríkà, fi gbé ẹ̀rọ ECOSTRESS sí ibùdó òfuurufú àgbáyé lọ́dún 2018. Ooru ara ewé lòun ń wọ̀n, kì í sì í kọjá ní aago kan náà lójoojúmọ́. Àmọ́ ìkùukùu ń dí òun náà lójú. Àwọn sátẹ́láìtì tó lè ríran kọjá nínú ìkùukùu ni Sentinel-1, tó ń lo rédà, ìyẹn ìgbì tí òun fúnra rẹ̀ ń rán wálẹ̀, àti SMAP, tó ń wo bí ilẹ̀ ṣe tutù tó. Ṣùgbọ́n gbogbo ohun tó wà láàárín nǹkan bíi kìlómítà mẹ́rìndínlógójì níbùú àti lóròó ni SMAP ń kà sí ẹyọ kan. Ibo ló ti fẹ́ rí oko tèmi yà sọ́tọ̀?

Àwọn tó fẹ́ràn ètò adójútòfò yìí máa ń tọ́ka sí Marsabit ní àríwá Kẹ́ńyà, níbi tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ fún àwọn darandaran lóṣù kìn-ín-ní ọdún 2010, tí wọ́n sì sanwó lóòótọ́ nígbà ọ̀dá ọdún 2011. Mi ò bá wọn jiyàn. Pápá ni ibẹ̀. Koríko lẹran ń jẹ, koríko náà ni sátẹ́láìtì ń wò. Níbí ńkọ́? Àgbàdo, ẹ̀gẹ́ àti ẹ̀gúsí lè wà lórí ebè kan náà, kí kajú wà létí ààlà. Àmì kan, ìyẹn ẹyọ tó kéré jù nínú àwòrán Sentinel-2, jẹ́ mítà mẹ́wàá sí mẹ́wàá, ilẹ̀ tó jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 50 sí 100 kò sì ju àmì mẹ́rin sí márùn-ún lọ. Oko tí ọ̀lẹ pa tì tí èkan gbà lè yọ̀ yẹ̀rì lójú sátẹ́láìtì ju oko tí a ro mọ́ nigínnigín lọ. Ṣé ọ̀lẹ ni a óò wá kọ sílẹ̀ pé oko rẹ̀ dára?

Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ ta irú adójútòfò bẹ́ẹ̀ fún wa gbọ́dọ̀ sọ iye ìgbà tí ìkùukùu bo àwòrán rẹ̀ lóṣù kẹjọ, kó fi rédà àti ìwọ̀n òjò kún un, kó sì ní ẹni tí yóò wọ oko wá wò nígbà tí iyàn bá wà. Àwọn tó jáde ní Ifẹ̀ mọ iṣẹ́ yìí. Ẹ bá wa wá wọn lọ, kí ẹ fi ọ̀rọ̀ wá wọn lẹ́nu wò.

Ẹ̀yin náà sì lè bẹ̀rẹ̀. Láti oṣù karùn-ún sí oṣù kẹwàá, ẹ máa tẹ àwòrán ìpínlẹ̀ wa lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ méjì, kí ẹ fi ti ọ̀sẹ̀ kan náà lọ́dún tó kọjá sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí ẹ sì fi ibi tí ìkùukùu bò hàn kedere, ẹ má kùn ún ní àwọ̀ ewé. Bí ẹ bá gbà, àwa àgbẹ̀ mélòó kan níbí ti ṣetán láti máa fi ìwọ̀n òjò oko wa ránṣẹ́ sí yín lórí WhatsApp ní gbogbo Sátidé. Agolo àti rúlà la fi ń wọ̀n ọ́n, gbogbo wa sì ń lo agolo kan náà.

Olùkọ́ tó fẹ̀yìn tì,
Ìsẹ́yìn, Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́