Ẹ má fi ìṣirò ilé ṣe Kérésì London

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìwé ìròyìn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa gbé lẹ́tà yìí jáde kí oṣù Kọkànlá tó parí, torí ẹni tó bá dúró dìgbà tó di ọjọ́ 24 oṣù Kejìlá kó tó kà á, ẹ̀pa ò bóró mọ́.

Àwọn tọkọtaya tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé London la ní lọ́kàn, àtàwọn òbí wọn tó wà nílé. Ìṣirò ilé ni ọ̀pọ̀ wọn fi ń ṣe Kérésì àkọ́kọ́, òun ló sì ń ba ọdún náà jẹ́ mọ́ wọn lọ́wọ́. Nílé, bí mágí bá tán láàárọ̀ ọdún, wọ́n á rán ọmọ, ọmọ á sì rí i rà níwájú ilé. Ní London, ìlú á ti pa lọ́jọ́ 25. Òfin kan tí wọ́n ṣe lọ́dún 2004 kò gbà kí ilé ìtajà ńlá ṣílẹ̀kùn lọ́jọ́ náà ní England àti Wales. Kò sí bọ́ọ̀sì, ọkọ̀ ojú irin kò rìn, torí ilẹ̀ tabẹ́ ilẹ̀. Láti ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ 24 ni wọ́n ti ń wọlé, lọ́jọ́ 26 ìwọ̀nba díẹ̀ ló sì ń jáde. Oòrùn pàápàá á ti wọ̀ kí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ tó lù.

Nítorí náà, ṣọ́ọ̀ṣì tí ẹsẹ̀ lè gbé yín dé ni kí ẹ wò sílẹ̀ fún ìsìn ọdún, kódà bí kì í bá ṣe ìjọ tiyín. Bí iṣẹ́ bá sì bọ́ sí ọjọ́ 25 nínú rótà, bó ti máa ń rí fún àwọn nọ́ọ̀sì àtàwọn tó ń tọ́jú arúgbó, ẹ kọ́kọ́ wá ọ̀nà tí ẹ óò gbà lọ àti ọ̀nà tí ẹ óò gbà bọ̀. Takisí wà, ṣùgbọ́n ó wọ́n, ẹni tí kò bá sì ti bá wọn ṣètò ṣáájú lè dúró títí nínú òtútù. Ó sàn kí ẹ kúkú sún àsè sí ọjọ́ 26 ju kí ẹnì kan máa dá jẹun nílé.

Ẹ jẹ́ ká wá sí ìdí ìkòkò. Èèyàn méjì kò lè jẹ odindi tòlótòló tán. Itan tàbí apá rẹ̀ ni kí ẹ rà. Bí ọkàn yín bá wà lára odindi, yìnyín ara rẹ̀ ń gba wákàtí 10 sí 12 lórí kílò kan kó tó yọ́ nínú fìríìjì. Èyí tó bá jẹ́ kílò mẹ́rin á gbà tó ọjọ́ méjì. Ẹni tó bá yọ ọ́ nínú firísà lálẹ́ ọjọ́ 24 á ṣì bá yìnyín nínú ikùn rẹ̀ láàárọ̀ ọdún, bó bá sì gbé e sínú ààrò bẹ́ẹ̀, ara á jóná, ẹ̀jẹ̀ á ṣì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ egungun. Adìyẹ ilé ìtajà òyìnbó ní tirẹ̀ rọ̀ jù. Bí ẹ bá bọ̀ ọ́ pẹ́ bíi tilé, á fọ́ sínú omi. Ìṣẹ́jú 15 tó o, kí ẹ wá yan án nínú ààrò ní 200°C fún bí ìṣẹ́jú 25. Adìyẹ líle tí wọ́n ń tà ní Rye Lane ní Peckham, tàbí ní ọjà Ridley Road ní Dalston, ló dà bíi tilé. Òun á fẹ́ wákàtí kan ó lé kó tó rọ̀.

Ìrẹsì jọ̀lọ́ọ̀fù fún èèyàn mẹ́rin: ife ìrẹsì mẹ́ta, tàtàṣé ńlá mẹ́ta, ata rodo méjì, àlùbọ́sà méjì, agolo tòmátò 400 gíráàmù kan. Tòmátò tútù inú oṣù Kejìlá, omi lásán ni. Ti agolo sàn jù ú lọ. Ẹ lọ ata, kí ẹ sè é títí omi rẹ̀ á fi gbẹ kí òróró tó kàn án. Ẹni tó bá kánjú níbẹ̀ ni ìrẹsì rẹ̀ ń kan lẹ́nu. Ọjọ́ 23 ni kí ẹ ti dín in, torí nínú fúláàtì tí wọ́n ti gbogbo fèrèsé nítorí òtútù, èéfín ata á mú kí aago ìkìlọ̀ iná tó wà lókè àjà máa ké. Ẹ ti ilẹ̀kùn kíṣìnì, ẹ ṣí fèrèsé, àmọ́ ẹ má fi ọ̀rá bo aago náà. Ẹ lè sùn lọ kí ẹ tó rántí yọ ọ́.

Lọ́jọ́ ọdún, omi ata àti omi ẹran kò gbọdọ̀ kọjá orí ìrẹsì. Ẹ fi fóìlì dé e kí ẹ tó gbé ọmọrí lé e. Sítóòfù oníná ló ń tan ọ̀pọ̀ èèyàn jẹ. Ẹ ti yí i wálẹ̀, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ṣì gbóná janjan fún ìṣẹ́jú mélòó kan, ìsàlẹ̀ ìkòkò á jóná nígbà tí òkè ṣì le. Ẹ ti tan ojú kékeré mìíràn sí iná díẹ̀ ṣáájú, kó jẹ́ pé bí ìkòkò bá ti hó, ẹ kàn máa gbé e síbẹ̀ ni. Ìrẹsì tó bá ṣẹ́kù kò gbọdọ̀ sun inú ìkòkò mọ́jú. Ẹ tẹ́ ẹ sínú abọ́ fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ kó tètè tutù, kó wọ fìríìjì láàárín wákàtí kan, kí ẹ sì jẹ ẹ́ tán lọ́jọ́ kejì.

Èèyàn mẹ́rin la ṣírò, torí ọdún kì í dùn lẹ́nu ẹni méjì nínú yàrá títì. Nílé, àlejò á wá láìpè. Níbí, ẹni tí ẹ ò bá pè kò ní wá. Ẹ pe akẹ́kọ̀ọ́ kan, ẹ pe ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé tí kò tíì mọ ẹnikẹ́ni. Kí wọ́n wá láti ọ̀sán ọjọ́ 24 kí ọkọ̀ tó wọlé, kí wọ́n gbé aṣọ ìsùn dání. Aládùúgbò òyìnbó náà, ẹ bù fún un, bí a ti ń bù fún àwọn aládùúgbò wa tó jẹ́ Mùsùlùmí nílé. Ẹ kàn kọ́kọ́ bi í léèrè ohun tí ara rẹ̀ kì í gbà, kí ẹ sì kìlọ̀ ata fún un.

Ẹ̀yin òbí, tiyín rèé. Ẹ má di kìlíṣí, pọ̀nmọ́ tàbí ẹran gbígbẹ sínú báàgì ẹni tó ń bọ̀. Òfin Britain kò gbà á wọlé láti Nàìjíríà, wọ́n á gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ ní pápákọ̀ òfurufú. Iṣu àti ewébẹ̀ tútù náà ń fẹ́ ìwé ẹ̀rí àyẹ̀wò ohun ọ̀gbìn. Ẹja gbígbẹ tí wọ́n ti yọ ìfun rẹ̀ ló dáa. Ní ti owó ọdún, ọjọ́ 25 àti 26 jẹ́ ìsinmi níbí àti lọ́dọ̀ yín, kí àwọn ọmọ ti fi ránṣẹ́ kó tó di ọjọ́ 18. Orúkọ tó wà nínú àkáǹtì gan-an ni kí ẹ fún wọn. Kí ọkọ àti ìyàwó sì ti jọ fẹnu kò lórí èyí tó ń lọ sílé ọkọ àti èyí tó ń lọ sílé ìyàwó, kó má baà di ìjà lọ́jọ́ ọdún.

Aago Nàìjíríà fi wákàtí kan ṣáájú ti London lásìkò yìí. Aago méje àárọ̀ níbí, aago mẹ́jọ nílé, ni kí ẹ pè, kí wọ́n tó gba ṣọ́ọ̀ṣì lọ. Kí ọkọ fúnra rẹ̀ pe àwọn àna rẹ̀, kí ìyàwó náà pe ìyá ọkọ. “Ẹ bá mi kí wọn” kò tó lọ́jọ́ ọdún.

Alẹ́ ọjọ́ 31 ló sì ń dàrú jù. Bí aago 12 bá ti lù nílé, bàbá á gbé fóònù láti wúre fún àwọn ọmọ. Aago 11 ni ní London nígbà yẹn, àwọn ọmọ wà nínú ìsìn àìsùn ọdún, wọ́n ti pa fóònù. Bàbá á pè títí, kò ní rí wọn, ọkàn rẹ̀ á sì máa lọ síbi tí kò yẹ. Ẹ ti bá ara yín sọ ọ́ ṣáájú. Kí àwọn méjèèjì jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ní aago 11 ku ìṣẹ́jú márùn-ún, kí wọ́n ṣí ohùn fóònù sókè, kí wọ́n jọ ṣe àmín sí àdúrà bàbá, kí wọ́n tó padà wọlé lọ dúró de ọdún tuntun tiwọn.

Àwa ni tiyín,
Tọkọtaya kan láti Woolwich, London