Lẹ́tà sí Ganíyù ní Aix: ohun tó yẹ kí ọwọ́ jọ̀wọ́

Àjàṣẹ́ (Porto-Novo),
9 Oṣù Kọkànlá, 2025.

Ganíyù ọ̀rẹ́ mi,

O kú òtútù o. Ara gbogbo wa le, a dúpẹ́. Mo rí lẹ́tà rẹ gbà, mo sì ka ibi tí o ti ṣàlàyé iṣẹ́ yín ní Cadarache, bí ẹ ṣe ń wá ọ̀nà láti pa átọ́ọ̀mù pọ̀ bíi ti inú oòrùn kó lè mú agbára wá, títí ó fi yé mi, tàbí títí mo fi rò pé ó yé mi.

Ohun tó dá mi dúró níbẹ̀ kì í ṣe ooru 50 mílíọ̀nù dígíríì, kì í sì í ṣe ìṣẹ́jú 22 tí WEST, ẹ̀rọ yín, fi gbé plásímà, gáàsì tó gbóná débi pé átọ́ọ̀mù rẹ̀ fọ́, dúró ní oṣù Kejì ọdún yìí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn olùkọ́ fisíìsì ilé ìwé wa ń fi í yangàn bí ẹni pé àwọn ló tan iná náà. Gbólóhùn kékeré tí o kọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé ni: pé bí ẹ bá há plásímà mọ́ jù, ìdọ̀tí inú rẹ̀ kò ní jáde. Tungsten, irin ara ògiri ẹ̀rọ náà, bó bá bọ́, á rìn wọ àárín gbùngbùn, á máa tan agbára ibẹ̀ dànù títí plásímà á fi tutù. Àti pé lọ́la, ní ITER, ẹ̀rọ ńlá tí wọ́n ń kọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín, gáàsì hílíọ̀mù tí iná bá bí gbọ́dọ̀ jáde bí eérú, ṣùgbọ́n ooru gbọ́dọ̀ dúró. Mo ní háà, iṣẹ́ tèmi rèé!

Má tíì bú mi. Mo mọ̀ pé plásímà kì í yan nǹkan kan, ìrúkèrúdò inú rẹ̀ ló ń ti àwọn èérún rẹ̀ kiri. Ṣùgbọ́n ọpọlọ náà, bó bá di ohun tó ti kọ́ mú jù, kò ní lè yí padà. Bó bá sì ń jọ̀wọ́ rẹ̀ nígbàkígbà tí nǹkan bá kùnà lẹ́ẹ̀kan, kò ní kọ́ ohunkóhun. Àárín méjèèjì yìí ni mẹ́múà mi, ìwé ìwádìí àṣekágbá mi lórí ọpọlọ, há sí.

Ní 1948, Grant àti Berg, àwọn onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá, ṣe eré káàdì kan ní Wisconsin ní Amẹ́ríkà. Káàdì mẹ́rin wà níwájú rẹ, wọ́n á fún ọ ní òmíràn kí o gbé e ti èyí tó bá a mu. Wọn ò ní sọ bóyá àwọ̀ ni, tàbí ìrísí, tàbí iye. “Ó dáa” tàbí “kò dáa” nìkan lo máa gbọ́. Bí o bá gbà á lẹ́ẹ̀mẹwàá léra wọn, wọ́n á yí òfin padà láì wí. Ní 1963, Brenda Milner, onímọ̀ nípa ọpọlọ, fi í dán àwọn aláìsàn wò ní Montréal, àwọn tí wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ fún níwájú ọpọlọ. Wọ́n kọ́ òfin àkọ́kọ́. Òfin yí, àwọn ò yí. Ẹlòmíràn á tilẹ̀ fẹnu ara rẹ̀ sọ pé ibi tí òun ń gbé e sí kò dáa, ọwọ́ rẹ̀ á ṣì gbé e lọ síbẹ̀.

Mo gbìyànjú ti ọmọdé pẹ̀lú Nàfísà, tó ti pé ọdún mẹ́ta. Pupa síbí, búlúù sọ́hùn-ún: kò ṣì ọ̀kan. Mo ní ó yá, a ò ṣe ti àwọ̀ mọ́, ẹja síbí, ọkọ̀ ojú omi sọ́hùn-ún. “Níbo ni ẹja ń lọ?” Ó nàka síbi tó tọ́ gan-an. Mo wá fi ẹja búlúù lé e lọ́wọ́, ó sì jù ú sọ́dọ̀ búlúù, ó ń rẹ́rìn-ín. Zelazo àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti kọ ọ́ sílẹ̀ ní 1996 pé bẹ́ẹ̀ ni ọmọ ọdún mẹ́ta ń ṣe: ó mọ òfin, kò lè lò ó. Tó bá fi máa tó ọdún márùn-ún, ọ̀pọ̀ wọn ló ń yí i wẹ́rẹ́.

O rántí Táńtí Sìkírá tó ń ta kpayo, epo fàyàwọ́ láti Nàìjíríà, lọ́nà Ouando? Nígbà tí wọ́n yọ owó ìrànwọ́ epo ní Nàìjíríà ní ìparí oṣù Karùn-ún 2023, owó epo lọ́hùn-ún fò ju ìlọ́po méjì lọ, tibí náà sì tẹ̀ lé e. Àwọn oní-zẹ́mì, àwọn ọlọ́kadà wa, bẹ̀rẹ̀ sí í yà sí ibùdó epo. Táńtí mọ̀, òun gan-an ló ń ṣàlàyé rẹ̀ fún àdúgbò. Síbẹ̀ bí ilẹ̀ bá ti mọ́, á to àwọn ìgò ńlá náà sórí tábìlì, á fi aṣọ dí ẹnu àrọ, á ra iye kẹ́ẹ̀gì tó máa ń rà tẹ́lẹ̀ lọ́wọ́ àwọn tó ń gbé e bọ̀ láti Igolo lẹ́nu bodè, á sì jókòó tì í títí di ìrọ̀lẹ́.

Wọ́n ní olóríkunkun ni. Èmi ò gbà. Lákọ̀ọ́kọ́, oníbàárà ò tán pátápátá, ọ̀kan ṣì ń yà lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ohun tó sì ń mú èrè wá lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan ló ṣòro jù láti fi sílẹ̀. Èkejì ló wú mi lórí jù. Nàìjíríà ti bodè ní oṣù Kẹjọ 2019, ó sì tún ṣí i ní oṣù Kejìlá 2020. Ẹni tó fara dà á nígbà yẹn ló jèrè. Kì í kàn án ṣe títa epo nìkan ni Táńtí kọ́, ó kọ́ dídúró pẹ̀lú. Báwo ló ṣe fẹ́ mọ̀ pé ìjì ti 2023 kò ní rọlẹ̀ bíi ti ìṣáájú? Gààrì ló ń tà níbẹ̀ báyìí, ó sì ń tà.

Ibi tí yíyí padà yìí ti ń ṣẹlẹ̀ nínú ọpọlọ ni awuyewuye wà. Ó pẹ́ tí wọ́n ti ń kọ ọ́ pé apá tó wà lókè ẹyinjú ni: bí wọ́n bá gé e lára ọ̀bọ, kò ní lè yí padà mọ́. Ní 2013, Rudebeck, Elisabeth Murray àtàwọn ẹlẹgbẹ́ wọn fi oògùn pa sẹ́ẹ̀lì ibẹ̀ nìkan, láìfọwọ́ kan àwọn okùn tó ń gbé iṣẹ́ ọpọlọ gba ibẹ̀ kọjá lọ síbòmíràn. Àwọn ọ̀bọ náà ṣì ń yí padà! Okùn tó ń kọjá lọ jẹ́jẹ́ ni ọ̀bẹ àtijọ́ ti ń gé mọ́ ọn. Ohun tí wọn ò lè ṣe ni pé, bí wọ́n bá ti yó oúnjẹ kan, kí wọ́n fi yíyó yẹn yan òmíràn. Mo fẹ́ràn irú èsì bẹ́ẹ̀ gan-an.

Ìwọ náà wá dá mi lóhùn. O ní ẹ máa ń fi ìgbì mú àárín plásímà gbóná kí tungsten lè jáde. Ṣé ẹ lè rí i pé ó ti ń wọlé kí plásímà tó bẹ̀rẹ̀ sí í tutù, àbí ìgbà tó bá ti tutù lẹ máa ń mọ̀? Ṣàlàyé rẹ̀ fún mi bí ẹni tí kò kàwé.

Ìyá rẹ ní kí o pè òun lálẹ́ Jímọ̀, kì í ṣe lọ́sàn-án, torí ọjà. Bí o bá ń bọ̀, bá mi wá káàdì Wisconsin yẹn. Páálí tí mo gé fúnra mi, Nàfísà ti ń jẹ ẹ́.

Èmi ni tìrẹ,
Sàkírù