Ẹ fi òpè wọn kàlòkàlò, ẹ má fi ọ̀ta wọ̀n ọ́n

Olóòtú wa,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn o. Ọjọ́ 22 oṣù kọkànlá ọdún 2024 ni Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ fagi lé òfin lọ́tìrì ìjọba àpapọ̀ ti ọdún 2005. Láti ọjọ́ náà, ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ni ọ̀rọ̀ tẹ́tẹ́, ti àwa ará Ifẹ̀ sì wà lọ́wọ́ àwọn aṣòfin wa l'Óṣogbo. Ohun tí mo fẹ́ kí wọ́n tètè gbọ́ ni ti kàlòkàlò (ẹ̀rọ tẹ́tẹ́) tuntun, èyí tí ojú àti ọwọ́ ẹni tó ń fi í ta tẹ́tẹ́ ń kópa nínú bóyá á jẹ tàbí kò ní í jẹ. Tí àwọn oníṣòwò bá gbé e dé, ohun tí wọ́n máa sọ ni pé ti ìgbàlódé ni, pé ọgbọ́n ni, kì í ṣe oríire lásán.

Nínú kàlòkàlò àtijọ́, kọ̀ǹpútà inú rẹ̀ ń ṣẹ́ nọ́ńbà láìdúró. Bí ọwọ́ ṣe kan bọ́tìnnì ni ọ̀rọ̀ ti parí. Àwọn àwòrán tó ń yí lẹ́yìn ìyẹn kò lè yí i padà mọ́. Ọ̀ta tó mọ̀ ọ́n ta àti òpè tí kò mọ̀ ọ́n, bákan náà ni wọ́n rí níwájú rẹ̀. Ti tuntun kò rí bẹ́ẹ̀. Ìpínlẹ̀ Nevada l'Amẹ́ríkà, níbi tí Las Vegas wà, ṣòfin fún un ní 2015, New Jersey tẹ̀lé e ní 2016. Nevada ní ẹ̀rọ kò gbọdọ̀ dá ohun tó dín sí ìdá 75 nínú 100 owó tó wọ inú rẹ̀ padà fún àwọn tó ń ta á. Ti New Jersey jẹ́ 83.

Ẹni tó bá fẹ́ da òfin Nevada kọ, kó dúró díẹ̀ níbí. Ìdá 75 yẹn, ọwọ́ ẹni tó mọ̀ ọ́n ta jù lọ ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n. Kò dá òpè mọ̀ rárá. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ká ní ₦100 ni ẹ̀ẹ̀kan, tí èèyàn sì ń ta á ní ìgbà 10 láàárín ìṣẹ́jú kan. Láàárín wákàtí kan, ó ti tó ìgbà 600, ₦60,000 sì ti gba inú ẹ̀rọ kọjá, nítorí ohun tó jẹ náà ló ń tún fi ta. Ọ̀ta tí ẹ̀rọ ń dá 75 padà fún ti pàdánù ₦15,000. Bó bá jẹ́ pé 50 péré ló ń dá padà fún òpè, ₦30,000 ni tirẹ̀ lọ. Ẹ̀rọ kan náà, wákàtí kan náà, kò sì sẹ́ni tó rú òfin.

Nídìí ayò ọlọ́pọ́n, ojú 12, ọmọ 48, gbogbo rẹ̀ ló wà ní gbangba. Òpè tí wọ́n bá jẹ mọ ibi tí wọ́n ti jẹ ẹ́. Ẹ̀rọ kò ní irú gbangba bẹ́ẹ̀, àfi tí òfin bá fún un. Nítorí náà, kí àwọn aṣòfin wa béèrè iye méjì lọ́wọ́ ẹni tó bá fẹ́ gbé e wọ̀lú: iye tó ń dá padà fún ọ̀ta, àti iye tó ń dá padà nígbà tí ètò kọ̀ǹpútà kan bá ń tẹ bọ́tìnnì rẹ̀ láìwo ojú ẹ̀rọ, ó kéré tán ìgbà mílíọ̀nù kan. Iye ti òpè ni kí òfin gbé ààlà lé. Kí wọ́n kọ méjèèjì sójú ẹ̀rọ ní Yorùbá, gàdàgbà-gàdàgbà.

Ọ̀rọ̀ bí ojú àti ọwọ́ ṣe ń yára sí ńkọ́? Kí ojú tó rí, kí ọwọ́ tó tẹ̀, ó tó ìdá mẹ́rin ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí ojú ẹ̀rọ bá ń fà sẹ́yìn, tàbí tí sípíríǹgì bọ́tìnnì bá ti rọ̀, ẹ̀rọ ti jẹ ọgbọ́n ẹni yẹn kó tó dé. Kò nira láti yẹ̀ ẹ́ wò: ẹ fi fóònù tó ń ya àwòrán 240 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan ya ìka àti ojú ẹ̀rọ pọ̀, kí ẹ ka àwòrán tó wà láàárín ìgbà tí ìka tẹ̀ ẹ́ àti ìgbà tí ojú ẹ̀rọ dáhùn. Bó bá tó 24, ìdá mẹ́wàá ìṣẹ́jú àáyá ti lọ. Ní Japan, ẹni tó ń ta tẹ́tẹ́ nídìí pachislo, ìyẹn kàlòkàlò tiwọn, ló ń fi bọ́tìnnì mẹ́ta dá a dúró, ṣùgbọ́n òfin gbà kí àwòrán yọ̀ kọjá ibi tó tẹ̀ ẹ́ sí, kò gbọdọ̀ ju mẹ́rin lọ. Wọ́n tún ní ìṣẹ́jú àáyá 4.1 gbọ́dọ̀ wà láàárín títa kan àti èkejì. Ìyẹn yẹ ká mú wá sílé.

Ẹ wo inú àwọn àpótí kàlòkàlò kékeré tó ń ti Ṣáínà wá. Lórí pátákó rẹ̀, swíìṣì wínníwínní mẹ́jọ ló máa ń tò tẹ̀lé ara wọn, tí wọn kò ju orí ìṣáná lọ. Díẹ̀ nínú wọn ló ń sọ bí ẹ̀rọ yóò ṣe háwọ́ tó. Ẹni tó bá ní kọ́kọ́rọ́ ilẹ̀kùn lè fi èékánná yí i kí èèyàn tó ṣẹ́jú. Bátìrì kan náà wà níbẹ̀ tó ń rántí owó tó kù. Bó bá kú, tí iná sì lọ, owó ẹni tó ń ta á ti wọmi nìyẹn. Bó bá jò, omi rẹ̀ á jẹ wáyà bàbà tó wà lórí pátákó, àwọ̀ ewé á sì bò ó. Ẹ̀yin náà mọ bí iná wa ṣe rí. Kí òfin pàṣẹ èdìdì oní-nọ́ńbà lórí pátákó, bíi ti mítà iná, kí wọ́n máa pààrọ̀ bátìrì lọ́dọọdún, kí iná tó bá lọ láàárín títa sì túmọ̀ sí pé owó yẹn padà sọ́wọ́ olówó. Ẹ̀rọ kò sì gbọdọ̀ yí ìṣòro rẹ̀ padà nítorí pé ó rí i pé ẹni náà mọ̀ ọ́n ta.

Bí ìjà bá dé, kí ẹ̀rọ ti kọ títa 10 tó kẹ́yìn sílẹ̀ pẹ̀lú àkókò wọn. Kí wọ́n pa á, kí wọ́n tì í, kí kọ́kọ́rọ́ má sì sí lọ́wọ́ oní-ṣọ́ọ̀bù títí òṣìṣẹ́ ìjọba yóò fi dé kà á.

Èmi ni tiyín,
Atúnrédíò-àti-ẹ̀rọ-ṣe kan,
Lágere, Ilé-Ifẹ̀