Kẹ́hìndé, bá Dárà sọ ọ̀rọ̀ Ẹ̀pẹ́

Kẹ́hìndé ọ̀rẹ́ mi,

O kú òtútù o, o sì kú ìtọ́jú ọmọ. Bàbá Dárà ńkọ́, Dárà fúnra ẹ̀ ńkọ́? Àlàáfíà la wà l'Ẹ́pẹ̀ẹ́ níbí, òjò kàn ń yọ wá lẹ́nu díẹ̀ ni, màmá mi ní kí n kí ẹ dáadáa.

Mo gbọ́ fóìsì nóòtì tó o fi ránṣẹ́ ní Sátidé, ibi tó o ti ń sọ pé tó o bá bi Dárà pé kí ló ṣe ní sùkúù, "kò sí nǹkan kan" náà ni gbogbo ìdáhùn ẹ̀, àti pé ẹ̀rù ń bà ẹ́ kó má gbàgbé ilé pátápátá kẹ́ ẹ tó tún wá. Ọ̀rọ̀ yẹn ò kúrò lọ́kàn mi látìgbà yẹn, ìyẹn ni mo ṣe ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀ fún ẹ.

Kẹ́hìndé, ẹ máa sọ ohun tẹ́ ẹ ti jọ ṣe, ìwọ àti ọmọ yẹn, ẹ máa sọ ọ́ ní àsọtúnsọ. Ohun tó ti kọjá ni mò ń wí o, èyí tẹ́ ẹ jọ fojú rí. Ọmọ ọdún 3 ò tíì lè dá mú ọ̀rọ̀ jọ látìbẹ̀rẹ̀ dópin, àgbàlagbà tó wà níbẹ̀ ló máa bá a mú un jọ, ibẹ̀ ló ti máa kọ́ bí wọ́n ṣe ń rántí nǹkan, tó sì ti máa mọ bí wọ́n ṣe ń ròyìn ara ẹni fún èèyàn.

Àmọ́ má ṣe é bíi tíṣà o. "Kí lorúkọ ẹja yẹn? Mélòó ni? Àwọ̀ wo ni?" ọmọ á kàn dákẹ́ ni, torí ó mọ̀ pé ìwọ náà ti mọ ìdáhùn. Bi í ní ohun tó máa jẹ́ kó lè sọ tẹnu ẹ̀: kí lo rí nígbà tá a dé ọjà, kí ló wá ṣẹlẹ̀, kí ló dé tó o sá wá sẹ́yìn mi. Tó bá sọ ẹyọ ọ̀rọ̀ kan péré, gbà á lẹ́nu ẹ̀, fi tìẹ kún un, kó o tún bi í ní òmíì. Tí ò bá rántí, ìwọ sọ díẹ̀ níbẹ̀, má fipá mú un.

Jẹ́ kí n sọ tèmi àti Mọ́rẹ́nikẹ́ ọmọ mi. A lọ sí ọjà Olúwo lọ́sẹ̀ tó kọjá, o ṣì mọ bó ṣe máa ń rí láàárọ̀ tí ẹja bá ti wọlé, ọ̀bọ̀kún níhìn-ín, èpìyà lọ́hùn-ún, omi gbogbo ilẹ̀. Akàn kan jáde nínú báfù ìyá ẹlẹ́ja kan, ó ń rìn lọ ní tiẹ̀. Nígbà tó di alẹ́ tí mò ń di irun ẹ̀ mo ní, kí ló ṣẹlẹ̀ lọ́dọ̀ ìyá ẹlẹ́ja? Ó ní, "akàn." Mo ní, ẹn-ẹ́n, akàn! Ó jáde nínú báfù, níbo ló gbà? "Abẹ́ tábìlì." Ta ló wá mú un? "Ìyá yẹn, ó fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́." Mo ní, bẹ́ẹ̀ ni, ó fi sálúbàtà tẹ̀ ẹ́, ó wá gbá a mú láti ẹ̀yìn kó má baà gé e lọ́wọ́, ìwọ ńkọ́, kí ni ìwọ ń ṣe? Ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní, "Mo di aṣọ yín mú, mo rò pé ẹsẹ̀ mi ló ń bọ̀ wá gé." Ká ní iye akàn ni mo bi í ni, ọ̀rọ̀ ẹ̀rù yẹn ò bá má jáde láéláé. A wá sọ ọ́ títí mo fi di irun tán, bí ẹ̀rù ṣe ń bà á àti bó ṣe lọ.

Ìyẹn ni mo ṣe fẹ́ kó o má sá fún èyí tó dun Dárà. Bó ṣe sunkún ní èápọ́ọ̀tì lọ́jọ́ tẹ́ ẹ ń padà, tó di màmá ẹ mú tí ò fẹ́ fi í sílẹ̀, ẹ sọ ọ́. Kí ló ń ṣe é lọ́jọ́ yẹn, ta ló rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún, kí lẹ ṣe nínú pílénì tára ẹ̀ fi wálẹ̀. Jẹ́ kó mọ̀ pé àárò lorúkọ nǹkan tó ń ṣe é.

Má sọ pé ọ̀rọ̀ àwọn ìyá àgbà lásán ni mò ń sọ o. Ní Yunifásítì Otago ní New Zealand, Elaine Reese àtàwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ kó ìyá 115 jọ pẹ̀lú àwọn ọmọ wọn tí wọ́n tó nǹkan bí ọmọ ọdún kan àbọ̀, wọ́n kọ́ àwọn kan lára wọn fún ọdún kan bí wọ́n á ṣe máa bá ọmọ sọ ohun tí wọ́n jọ ṣe, wọn ò kọ́ àwọn tó kù. Nígbà táwọn ọmọ yẹn pé ọdún 21 wọ́n tún padà lọ bá wọn. Àwọn tí wọ́n kọ́ ìyá wọn ló mọ ìtàn ayé ara wọn sọ já gaara, ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn wọn kéré sí tàwọn yòókù, wọ́n sì níyì lójú ara wọn jù wọ́n lọ. Ọdún kan péré o! Àwọn Maori tó ni ilẹ̀ ọ̀hún náà, wọ́n ka ìtàn ìdílé àti tìran wọn sí gan-an, ìwádìí tí wọ́n ṣe ní 2000 sì fi hàn pé ohun táwọn àgbà wọn kọ́kọ́ rántí láyé wọn, ní ìpíndọ́gba, wọn ò tíì pé ọdún 3 nígbà tó ṣẹlẹ̀, tàwọn òyìnbó ibẹ̀ ju ọdún 3 lọ dáadáa.

Torí náà fọ́tò ọdún Káyókáyó tó wà lórí fóònù ẹ yẹn, má kàn fi hàn án kó o ní "wo màmá àgbà." Jókòó tì í. Ta ló gbé e sọ́rùn lọ́jọ́ yẹn, báwo ni ìlù yẹn ṣe ń dún, kí ló jẹ tó yó. Tó bá dàgbà díẹ̀ sí i kó o wá fi ti Kòsọ́kọ́ ọba Èkó kún un, bí wọ́n ṣe lé e kúrò l'Ékòó ní 1851 tó fi di pé Ẹ̀pẹ́ ló wá tẹ̀dó sí.

Yorùbá ni kó o fi máa sọ ọ́ jàre. Tó bá fi òyìnbó dá ẹ lóhùn má bá a jà, gba ọ̀rọ̀ yẹn kó o dá a padà fún un ní Yorùbá, kẹ́ ẹ máa lọ. Tó bá sì ní ẹja yẹn tóbi tó mọ́tò, má sọ pé irọ́ ló ń pa, sọ bó ṣe rí lójú tìẹ, kẹ́ ẹ jọ wò ó. Kì í ṣe ohun tó ń fẹ́ àkókò lọ títí, ibi tó o ti ń wẹ̀ ẹ́ tó, inú bọ́ọ̀sì tó. Sọ fún bàbá ẹ̀ náà kó máa ṣe é, ohun tóun bá rántí lè má jẹ́ tìẹ.

Ẹnì kan ládùúgbò wa ń bọ̀ lọ́dọ̀ yín ní Kánádà lóṣù tó ń bọ̀, mo ti bá a sọ ọ́, ó máa bá mi gbé ẹja yíyan díẹ̀ wá. Tó bá dé, jẹ́ kí Dárà tú páálí yẹn fúnra ẹ̀, kó o wá bi í níbo ló ti rí irú ẹ̀ rí. Ohunkóhun tó bá sọ, gbà á sílẹ̀ kó o fi ránṣẹ́ sí mi, màmá ẹ àti tèmi jọ fẹ́ gbọ́ ọ.

Bá mi kí Bàbá Dárà.

Èmi ni ọ̀rẹ́ ẹ,
Sàídátù