Ẹ Bá Wa Dá Owó Kẹ̀kẹ́ Ìdọ̀tí àti Ibi Ajílẹ̀ Ìlú Wa

Ẹ̀yin ọmọ ìlú wa, nílé, lóko, lẹ́yìn odi, mo kí gbogbo yín o. Ẹ kú ìnáwó ọjọ́ ìlú, ẹ kú àdúrótì, Ọlọ́run á fi ìlọ́po rẹ̀ dá a padà fún wa. Mo mọ̀ pé àpò ò tíì kún padà, àmọ́ ìgbìmọ̀ ní kí n kọ eléyìí torí ọ̀rọ̀ ọ̀hún ò ṣeé fi dúró de ìpàdé ọdún, òjò ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀, ìdọ̀tí ẹ̀yìn ọjà sì ti wọ títì.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wálé fún ọjọ́ ìlú rí i fúnra yín. Láti ẹ̀yìn ọjà títí dé etí odò, ọ̀rá píọ̀ wọ́tà, ike kóòkì, páńpáàsì ọmọ, èèpo iṣu, èèpo ẹ̀gẹ́, ìyẹ́ adìyẹ, gbogbo ẹ̀ ló wà lórí ara wọn, tó bá di ìrọ̀lẹ́ àwọn kan á tiná bọ̀ ọ́, èéfín á wọlé tọ àwọn arúgbó àtàwọn ọmọ tuntun, èyí tíná ò bá sì jó tán òjò á gbá a sínú gọ́tà, gọ́tà á dí, omi á wá ibòmíì gbà, inú ilé èèyàn ló sì máa gbà. Gbogbo wa la mọ ohun tójú Ìbàdàn rí. Ní August 31, 1980 Ògùnpa ya, ó kó ẹ̀mí rẹpẹtẹ lọ. Ní August 26, 2011 omi tún ya níbẹ̀, àwọn tó bá a lọ lé ní 100, àwọn afárá wó. Òjò ńlá ló rọ̀ lóòótọ́, àmọ́ ìdọ̀tí tí wọ́n ń dà sódò àti ilé tí wọ́n kọ́ sójú omi wà lára ohun tí ò jẹ́ kómi rọ́nà lọ. Odò tiwa ò tó Ògùnpa, ṣùgbọ́n àwọn èèyàn wa ń gbé létí ẹ̀, ọmọ àti ìyá wà níbẹ̀.

Ohun kan ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ bá mi gbà lónìí. Kì í ṣe pé ìdọ̀tí wa pọ̀ jù, dída gbogbo ẹ̀ pọ̀ mọ́ra ló ń bà á jẹ́. Àwọn bàbá wa ní ààtàn lẹ́yìnkùlé, ohun tí wọ́n ń dà síbẹ̀ máa ń jẹrà ni, kò pẹ́ kò jìnnà wọ́n á tún lọ gbin ata àti tẹ̀tẹ̀ sórí ẹ̀, ó sì máa ń ṣe dáadáa torí ilẹ̀ ibẹ̀ lọ́ràá. Ìgbà tí ọ̀rá àti ike dé tá a bẹ̀rẹ̀ sí í dà wọ́n mọ́ èèpo iṣu ni ààtàn ò ṣeé gbin nǹkan sí mọ́. Báńkì Àgbáyé sọ ọ́ nínú ìròyìn wọn lọ́dún 2018 pé láwọn ilẹ̀ tí owó ò ti pọ̀, ohun tó ju ìdajì ìdọ̀tí lọ jẹ́ oúnjẹ àti ewéko. Ẹ wo bọ́kẹ́ẹ̀tì ìdọ̀tí nílé ìyá yín nìkan, ẹ máa rí i pé bẹ́ẹ̀ náà ni. Ìyẹn ni pé tá a bá yọ èyí tó ń jẹrà sọ́tọ̀, tá a yọ ike, agolo, páálí àti ìgò táwọn èèyàn ń fowó rà, èyí tó máa ṣẹ́ kù ò ní pọ̀ rárá.

Nítorí náà bá a ṣe fẹ́ ṣe é nìyí. Ilé kọ̀ọ̀kan á gba bọ́kẹ́ẹ̀tì onídèérí kan àti àpò ńlá kan. Èèpo iṣu, èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀, háhá àgbàdo, ewé mọ́ínmọ́ín, ewé ẹ̀kọ, ìtì ẹ̀fọ́, èérí ògì tẹ́ ò bá ní ewúrẹ́ tó máa jẹ ẹ́, inú bọ́kẹ́ẹ̀tì nìyẹn ń lọ. Ike, agolo, páálí, ìgò àti ọ̀rá tó mọ́, inú àpò. Páńpáàsì, bátìrì, gílóòbù tó fọ́ àti abẹ́rẹ́ ò gbọ́dọ̀ wọ èyíkéyìí nínú méjèèjì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa tẹnu mọ́ ọn fáwọn ará ilé, ẹ dì í lọ́tọ̀, àwọn tó ń bọ̀ wá kó o á mú un lọ́tọ̀. Kẹ̀kẹ́ á máa wá lọ́jọ́ Ajé àti Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ ọjà sì ní tiẹ̀ lọ́tọ̀ torí Ìyálọ́jà ti sọ fún wa pé ọjọ́ yẹn ni ti wọn máa ń pọ̀ jù, ìyẹn ò sì yà wá lẹ́nu. Àwọn tó ń ṣe gàrí náà ti gbà pé ká wá máa kó èèpo ẹ̀gẹ́ wọn, ìyẹn gan-an sì nìṣúra tá a ń wá, òórùn ẹ̀ sì ti le ju ohun tí àdúgbò yẹn lè fara dà lọ.

Kábíyèsí, kí adé pẹ́ lórí, ti fún wa nílẹ̀ lókè ọ̀nà oko, ó jìnnà sódò, ó jìnnà sílé. Ibẹ̀ la ti máa ṣe ajílẹ̀. Mo fẹ́ ṣàlàyé díẹ̀ torí ẹnì kan bi mí pé ṣé kì í ṣe pé a kàn fẹ́ gbé òórùn láti ọjà lọ sóko ni. Rárá. Tẹ́ ẹ bá rí ibi tó ń rùn tó sì ń dá ìdin, omi ló pọ̀ jù níbẹ̀, afẹ́fẹ́ ò sì wọ inú ẹ̀. Ohun tútù pẹ̀lú ohun gbígbẹ la máa ń tò lérí ara wọn, èèpo àti ìgbẹ́ adìyẹ nísàlẹ̀, ewé gbígbẹ, háhá tó ti gbẹ tàbí sọ́dọ́ọ̀sì láti sọ́míìlì lórí ẹ̀, títí á fi ga tó mítà kan ó kéré tán, ìwọ̀n yẹn ló máa jẹ́ kí ooru dúró nínú ẹ̀. Ó yẹ kó rin bí aṣọ tá a fún tí omi ò kán mọ́ lára ẹ̀. Láàárín ọjọ́ mélòó kan inú ẹ̀ á gbóná dé 55 sí 65 lórí òṣùwọ̀n Celsius, ooru yẹn ló ń pa èso èpò àti kòkòrò àìsàn, tó bá ti ń tutù wọ́n á fi ṣọ́bìrì yí i padà kí afẹ́fẹ́ lè wọ̀ ọ́, á tún gbóná. Bí ojú ọjọ́ tiwa ṣe rí, bí oṣù méjì sí mẹ́ta á ti di ilẹ̀ dúdú tí ò rùn. Ẹran, epo àti egungun ò sí níbẹ̀ o, ajá àti eku la máa fi pè. Àwọn àgbẹ̀ wa tó ń ra ajílẹ̀ inú àpò mọ bí owó ẹ̀ ṣe fò lọ sókè látìgbà ogun Ukraine lọ́dún 2022, àwọn la máa kọ́kọ́ tà á fún, lówó pọ́ọ́kú.

Kì í ṣe ohun àjèjì la fẹ́ ṣe. Láti ìparí àwọn ọdún 1990 ni wọ́n ti ń fi ìdọ̀tí ọjà ṣe ajílẹ̀ ní Bódìjà n'Ìbàdàn. L'Ékòó, láti 2012 ni Wecyclers, tí Bilikiss Adébíyì dá sílẹ̀, ti ń lọ láti ojúlé dé ojúlé gba ike àti agolo, tí wọ́n sì ń fún àwọn onílé ní póìntì tí wọ́n lè fi gba nǹkan. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lókè òkun gan-an lẹ ń ṣe é lójoojúmọ́. Ọ̀pọ̀ yín ní London ló ní garawa kékeré fún oúnjẹ àjẹkù nínú kíṣìnì, ẹ̀yin tó wà ní San Francisco sì mọ̀ pé látọdún 2009 lòfin ti ní kí gbogbo ilé máa yà á sọ́tọ̀. Ẹ jẹ́ ká ṣe é nílé bàbá wa náà. Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde.

Ó kan owó wàyí. Kí n sọ ibi tó ti máa ń dojú rú láwọn ibòmíì, torí ibẹ̀ gan-an la fẹ́ fowó yín sí. Àwọn obìnrin wa ò ní ṣe ọ̀lẹ láti ya ìdọ̀tí sọ́tọ̀, wọ́n á yà á. Tí kẹ̀kẹ́ ò bá wá ní Mọ́ńdè, bọ́kẹ́ẹ̀tì á kún, á máa rùn, tí ò bá tún wá ní Ọjọ́bọ̀, wọ́n á da méjèèjì pọ̀, wọ́n á gbé e lọ sódò, ta lèèyàn á wá bá wí? Ẹ̀ẹ̀mejì péré tí kẹ̀kẹ́ ò wá, ètò ti tú nìyẹn. Ìdí nìyí tá a fi sọ pé a ò ní bẹ̀rẹ̀ títí tí owó epo, owó àtúnṣe àti owó oṣù àwọn ọ̀dọ́ tó máa ṣiṣẹ́ náà á fi wà nílẹ̀ fún ọdún kan gbáko, ike àti ajílẹ̀ tá a bá tà kò lè gbé gbogbo ẹ̀ lọ́dún àkọ́kọ́. A nílò kẹ̀kẹ́ akẹ́rù méjì, tí ọ̀kan bá bàjẹ́, ìkejì á dúró fún un. A nílò búùtù àti ìbọ̀wọ́ fáwọn ọmọ yẹn, mi ò ní fara mọ́ kí ọmọ ẹnikẹ́ni máa fọwọ́ lásán kó ìdọ̀tí. A nílò páànù tó máa bo ibi ajílẹ̀ kí òjò má bàa rẹ ẹ́.

Àwọn kan á ní iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ ni. Òótọ́ ni, ó wà nínú Àfikún Kẹrin òfin Nàìjíríà ti 1999 pé àwọn ló ni kíkó ìdọ̀tí, a sì ti kọ̀wé sí wọn, a ò sì ní dẹ́kun láti máa kọ ọ́. Àmọ́ òjò ò ní dúró de lẹ́tà.

Ìgbìmọ̀ ní kí ọmọ ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan tó wà ní Nàìjíríà máa dá ₦2,000 lóṣù fún oṣù 12, àwọn tó wà nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì £10 lóṣù, Amẹ́ríkà àti Kánádà $15. Ẹ lè san gbogbo ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ìyẹn ló máa ràn wá lọ́wọ́ jù kí kẹ̀kẹ́ lè tètè dé. Ẹni tó bá fẹ́ ra kẹ̀kẹ́ kan odidi, tàbí tí ẹgbẹ́ ọlọ́jọ́ orí kan bá fẹ́ para pọ̀ rà á, kó bá alága sọ̀rọ̀, a máa kọ orúkọ ìdílé tàbí ẹgbẹ́ náà sára ẹ̀. Ẹni tówó ò sí lọ́wọ́ ẹ̀, bọ́kẹ́ẹ̀tì onídèérí méjì mẹ́ta náà wúlò, àkókò yín náà wúlò, ẹ wá ká jọ lọ bá àwọn onílé sọ̀rọ̀. Akápò á máa gbé àkọsílẹ̀ owó tó wọlé àti èyí tó jáde síwájú gbogbo ẹgbẹ́ ní Sátidé tó parí oṣù, pẹ̀lú rìsíìtì. Àkáǹtì ẹgbẹ́ tá a ti ń lò tẹ́lẹ̀ náà ni, ẹ má sanwó sí àkáǹtì ẹnikẹ́ni o, tẹ́ ẹ bá ti san án ẹ kọ orúkọ yín, orúkọ agbolé yín àti "ìdọ̀tí" síbi àlàyé kó má bàa dà pọ̀ mọ́ owó gbọ̀ngán.