Jọ̀ọ́, má tíì ra ọ̀dà yẹn

Ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Báwo ni nǹkan, báwo làwọn ọmọ, ṣé ara Màmá ti le dáadáa báyìí? Mo rí fótò àwọn bébà pélébé tí wọ́n fi ń yan ọ̀dà tí o fi ránṣẹ́, mo dẹ̀ gbọ́ pé ọ̀la lo fẹ́ lọ ra gbogbo ẹ̀ kí pẹ́ńtà lè bẹ̀rẹ̀ ní Sátidé. Ẹ̀bẹ̀ ni mo bẹ̀ ẹ́, má tíì rà á.

Ṣé o rántí yàrá mi tí mo kùn lọ́dún tó kọjá? Àwọ̀ eérú ni mo yàn, ó tutù lójú ní ṣọ́ọ̀bù, ó wù mí gan-an, àfi ìgbà tí pẹ́ńtà kùn ún tán tí gbogbo ògiri di búlúù, tó bá tún wá dalẹ́ tí mo tanná á máa jọ àwọ̀ pọ́pù. Inú mi bàjẹ́. Mo rò pé wọ́n po ọ̀dà yẹn dàrú ni, àṣé kò sóhun tó ṣe ọ̀dà, iná ṣọ́ọ̀bù àti iná yàrá mi ni ò jọra, búlúù dẹ̀ ti wà nínú àwọ̀ eérú yẹn tẹ́lẹ̀. Tí o bá fẹ́ mọ ohun tó fara pamọ́ sínú àwọ̀ kan, gbé e sórí bébà funfun, wàá rí i bóyá yẹ́lò ló ń fà sí àbí pínkì àbí àwọ̀ ewé. Funfun náà ńkọ́, kì í ṣe oríṣi kan o.

Nítorí náà ra agolo tó kéré jù, kùn ún sára páálí ńlá lẹ́ẹ̀mejì, jẹ́ kó gbẹ dáadáa torí àwọ̀ tútù ò kì í jọ gbígbẹ, kó o wá máa gbé páálí yẹn kiri inú yàrá láàárọ̀, lọ́sàn-án, lálẹ́. Ògiri tó dojú kọ wíńdò àti èyí tí wíńdò wà lára ẹ̀ ò ní gba ìmọ́lẹ̀ kan náà. Má fi bébà kékeré yan àwọ̀ rárá, torí tí ògiri mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá ti gbé àwọ̀ kan náà wọ̀ wọ́n á máa tàn án síra wọn, á wá le ju bó o ṣe rò lọ. Wo nọ́ńbà tó ní K lára páálí tí wọ́n fi di gílóòbù ẹ náà, òun ló ń sọ bí àwọ̀ iná ẹ̀ ṣe máa rí, 2700K máa ń yẹ́lò, 6500K á funfun débi tó fẹ́ máa jọ búlúù, torí ẹ̀ kọ́kọ́ mọ gílóòbù tí o máa lò kó o tó yan ọ̀dà.

Yàrá Màmá gan-an ló ká mi lára jù. O ní o fẹ́ kí ògiri, ilẹ̀kùn, súwíìṣì, gbogbo ẹ̀ funfun kó lè mọ́ tónítóní. Ọ̀rẹ́ mi, bójú bá ti ń dàgbà, ohun tó dà bíi dígí nínú ojú máa ń yẹ́lò díẹ̀díẹ̀, búlúù àti àwọ̀ ewé á máa jọra, àwọn àwọ̀ tó sún mọ́ra á dà pọ̀. Tí wọ́n bá dìde lóru láti lọ sí tọ́ílẹ́ẹ̀tì, ọwọ́ ni wọ́n á máa fi wá ilẹ̀kùn. Jẹ́ kí ilẹ̀kùn àti férémù ẹ̀ dúdú ju ògiri lọ dáadáa, kí súwíìṣì náà yàtọ̀. Má kun ògiri wọn ní ọ̀dà tó ń dán, torí á máa ta sí wọn lójú. Èyí tó ń dán díẹ̀, kó o fi í sí kíṣìn àti kọ́ridọ̀ táwọn ọmọ ń fọwọ́ pa, ó rọrùn láti nù.

Lítà kan máa ń kun nǹkan bíi sìkúwíà mítà 10 lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀mejì dẹ̀ lo máa kùn, torí náà wọn ògiri ẹ kó o tó rà á. Tó bá ju agolo kan lọ, da gbogbo ẹ̀ pọ̀ sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì kan kí àwọ̀ má bàa yàtọ̀ láàárín ògiri.

Má wulẹ̀ fi fótò páálí náà ránṣẹ́ sí mi, fóònù ò ní jẹ́ kí n rí àwọ̀ yẹn bó ṣe rí. Màmá ni kó o ní kí wọ́n jókòó níwájú ẹ̀ láàárọ̀ àti lálẹ́, kí wọ́n sọ èyí tójú wọn gbà, kó o wá pè mí kó o sọ èyí tí wọ́n mú.

Bá mi kí wọn gan-an,
Èmi ọ̀rẹ́ ẹ